Ère Tó Mọ Baba Rẹ̀: Kíkó Àwòṣe Àtijọ́ Jọ ní Ilé-Ifẹ̀

Nínú pálọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 wá, ó wọ́pọ̀ kí èèyàn rí orí kan lórí pẹpẹ ìwé. Ó lè jẹ́ orí idẹ, ó lè jẹ́ orí amọ̀. Ojú rẹ̀ á tutù, ìlà tín-ín-rín á kún un láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Orí Olókun ni àwọn ará ilé máa ń pè é, ì báà jẹ́ orí mìíràn pátápátá ni. Lára ògiri, ìbòjú FESTAC lè wà níbẹ̀ tí wọ́n fi idẹ, igi tàbí ike ṣe. Kò sí ojúlówó nínú wọn. Àwòṣe ni gbogbo wọn, àwọn tó rà wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ra ère wọ̀nyí ti darúgbó, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó, ní London, ní Houston. Bí wọ́n bá pín ogún tán, ère tí kò rí ẹni gbé e á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin àti idẹ àlòkù kiri àdúgbò. Orí ìwọ̀n ló máa gbé e lé, bí ó bá ṣe wúwo tó ló máa sanwó tó, lẹ́yìn náà ó di inú iná. Báyìí ni ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn asúdẹ àti àwọn amọ̀kòkò tó ṣiṣẹ́ láàárín wa ṣe ń parẹ́, a ò sì ka èyí sí àdánù nítorí a ti gbà pé àwòṣe lásán ni.

Kíkó àwòṣe àtijọ́ jọ kì í ṣe iṣẹ́ olówó nìkan. Ó gba ojú tó ń rí nǹkan, ó gba sùúrù, ó sì gba ìwé àti bírò. Ìwé àti bírò yìí ló ṣe kókó jù, nítorí àwòṣe tí a bá mọ ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti ère tó wò ṣe é, ohun ìtàn ni. Èyí tí a kò bá mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa rẹ̀, ó lè lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lè bá wa sọ kò pọ̀.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ìlú yìí, ó sì gba orí idẹ kan tó ti inú Igbó Olókun jáde, èyí tí à ń pè ní Orí Olókun. Ẹwà orí náà ya ọkùnrin yìí lẹ́nu débi pé kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí òkun gbé mì, ló gbọ́dọ̀ ti fi ọgbọ́n náà sílẹ̀ ní etí òkun Áfíríkà. Ó fẹ́ gbé orí náà lọ sí ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ó sì di dandan kó dá a padà. Orí náà kò bá a kúrò nílùú.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Títí di 1939, orí tó jáde níbẹ̀ ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan dé British Museum ní ọdún 1939 yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Méjì bá William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó àwọn yòókù sí ààfin, wọ́n sì fún ìlú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwà ní 1954. Ṣáájú ìyẹn, ní 1948, wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn orí náà lọ sí London fún ìtọ́jú àti àfihàn, Orí Olókun sì bá wọn lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí Orí Olókun jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa idẹ rí i pé ìrísí ara rẹ̀ kò bá tiwọn dọ́gba. Leon Underwood, tí òun fúnra rẹ̀ ń da ère, àti William Fagg ti British Museum kọ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1949: wọ́n ní inú iyanrìn ni wọ́n ti da orí yìí, kì í ṣe ọgbọ́n ìda tí àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì ń lò, àwòṣe ayé òde òní sì ni. Bí orí tó wà lọ́wọ́ wa bá jẹ́ àwòṣe, ta ló wá gbé ojúlówó lọ? Àwọn kan nawọ́ sí Frobenius, àwọn kan nawọ́ sí ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀rí mú wá. Fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé Orí Olókun tòótọ́ ti sọnù. Síbẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní Èkó ní January 1973, Orí Olókun náà ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀.

Lẹ́yìn àfihàn ńlá tí wọ́n fi ère Ifẹ̀ ṣe ní London ní 2010, Paul Craddock, onímọ̀ nípa irin àti idẹ àtijọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún orí náà yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Underwood kò ní. Wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2013, èrò wọn sì ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojúlówó ló wà níwájú wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan wọn gíga orí náà ní 1910, tó ya àwòrán rẹ̀ dáadáa láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti inú, tó sì kọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, àríyànjiyàn yìí ì bá má wáyé. Ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó di àwòṣe lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé fún ọgọ́ta ọdún, nítorí kò ní àkọsílẹ̀.

Kì í ṣe orí ìgbàanì nìkan ni àwọn olùkójọ ń wá. Ère tí ayàwòrán olókìkí fi ọkàn ara rẹ̀ gbìmọ̀, tí a wá da ẹ̀dà rẹ̀ sí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà nínú ohun tó níye lórí jù lórílẹ̀-èdè yìí. Ben Enwonwu ni àgbà nínú èyí, Ilé-Ifẹ̀ sì ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀. Láti 1971 sí 1975, òun ni ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ìlú yìí ló ti ya àwòrán Tutu ní 1973, èyí tó fi ọmọ-ọba Adétutù Adémilúyì ṣe àwòkọ́ṣe. Ẹ̀dà orí bébà rẹ̀ kún ògiri ilé káàkiri Nàìjíríà, nígbà tí ojúlówó kan tó wà ní ilé kan ní London di £1,205,000 níbi gbàǹjo ní 2018.

Enwonwu tó ń fi ọ̀dà yàwòrán náà ló ń gbẹ́gi tó sì ń da idẹ. Òun ló ṣe Ṣàǹgó tó dúró níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó, ní 1964. Ère rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anyanwu, obìnrin tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara rẹ̀ ń tín-ín lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń yọ láti inú ilẹ̀, wà níwájú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èkó láti àárín àwọn ọdún 1950. Ní 1966, Nàìjíríà fi òmíràn ta Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní New York. Yàtọ̀ sí àwọn ńlá wọ̀nyí, Enwonwu tún ṣe kékeré rẹ̀, èyí tí èèyàn lè gbé sórí tábìlì, ìyẹn náà sì ń jáde níbi gbàǹjo dòní. Gbogbo wọn ló jẹ́ ti Enwonwu. Ẹ̀dà kejì kò sọ ti àkọ́kọ́ di asán, bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ kò sọ èkejì di ayédèrú, nítorí oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ àti ọdún sì máa ń wà nídìí ère.

Ìbòjú FESTAC yàtọ̀ díẹ̀. Ìbòjú eyín erin ti Ìyọba Idia, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Benin ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Ó wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897. Erhabor Emokpae, ayàwòrán ọmọ Benin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ló sọ ọ́ di àmì fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní Nàìjíríà láti January 15 sí February 12, 1977. Nàìjíríà bẹ British Museum pé kí wọ́n yá wa ní ìbòjú náà, wọ́n kọ̀. Joseph Alufa Igbinovia bá gbẹ́ tuntun láti ara eyín erin. Lẹ́yìn náà ni àwọn asúdẹ, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn oníke bá àmì Emokpae lọ, kò sì sí ọjà ìṣẹ́nà tí ìbòjú náà kò dé. Bí ẹ bá mú méjì sọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é wo àwòrán ìbòjú Idia fúnra rẹ̀ tàbí ó wo àmì Emokpae: àwọn orí kéékèèké tó tò sórí ìbòjú náà máa ń ní ojú àti irùngbọ̀n nínú iṣẹ́ ẹni tó wo ti Idia, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ẹni tó wo àmì, wọ́n sábà máa ń di ìlà tó rí bí èékánná lásán. Lójú tèmi, irú kejì yìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ló yẹ kí a kó jọ jù, nítorí òun ló jẹ́ ọmọ ọdún 1977 gan-an.

Ó yẹ kí olùkójọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan wọ̀nyí. Ọgbọ́n ìda ló dàgbà jù. Wọ́n á fi ìda oyin mọ ère lé orí amọ̀, wọ́n á fi amọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á sun ún nínú iná kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á sì da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Ère kan, amọ̀ kan: ẹni tó bá fẹ́ òmíràn yóò tún mọ ìda mìíràn, àyàfi bó bá kọ́kọ́ fi P.O.P. tàbí rọ́bà gba ìrísí ère tó wà nílẹ̀, kó wá máa da ìda sínú rẹ̀. Ti iyanrìn yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tẹ ère tó wà nílẹ̀ mọ́ iyanrìn ọ̀rinrin nínú àpótí alápá méjì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì da idẹ sí ojú ihò tó kù. Ibi tí apá méjì náà ti pàdé máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára ère. Asúdẹ á fi fáìlì ha á kúrò níwájú, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn etí àti inú ọrùn, ó sábà máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀. Fáíbà ni ti ẹ̀kẹta: wọ́n á po ìyẹ̀fun idẹ mọ́ ọn tàbí kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ fi ìka kàn án. Kò ní dún bí idẹ, ibi tó bá sì ṣẹ́ lára rẹ̀ á funfun.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù: idẹ máa ń súnkì bó ṣe ń tutù. Nínú mítà kan, ohun tó ń dín lè tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Bí a bá fi orí tó ga tó 35 sẹ̀ǹtímítà gba ìrísí, ẹ̀dà tí a dà láti inú rẹ̀ á fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kéré sí i. Bí ẹlòmíràn bá tún gba ìrísí ẹ̀dà yẹn, tirẹ̀ á tún kéré sí i, ìlà ojú rẹ̀ á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkójọ tó mọṣẹ́ kì í fi jáde láìmú rúlà tàbí tépù lọ́wọ́. Wọn kì í wọn gíga nìkan, torí asúdẹ lè fi kún ọrùn. Wọ́n máa ń wọn láti igun ojú ọ̀tún dé igun ojú òsì, láti ìdí imú dé àgbọ̀n, wọ́n á sì fi í wé iye tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ sínú ìwé nípa ojúlówó. Èyí tó bá dọ́gba pátápátá kì í ṣe ẹ̀dà tí a gbà láti ara rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ló fi ojú àti ọwọ́ mọ ọ́n.

Lẹ́yìn rúlà, ẹ wo àwọn ihò. Púpọ̀ nínú orí Ifẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ ní etí irun, àwọn kan tún ní i yí ẹnu àti àgbọ̀n ká. Lára ojúlówó, ihò wọ̀nyí wọ inú. Lára àwòṣe ọjà, kòtò lásán ni wọ́n, asúdẹ kàn fi irinṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára ìda. Àwọn tó dára nínú àwòṣe àwọn ọdún 1960 àti 1970 máa ń ní ihò tó wọ inú, nítorí àwọn tó ṣe wọ́n ráyè wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n jókòó ti ère, wọ́n sì fara balẹ̀ wò ó. Ìwúwo náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn asúdẹ Ifẹ̀ ìgbàanì da idẹ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó yani lẹ́nu; ti ọjà nípọn, ó sì ń wúwo lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi òòfà kan idẹ, kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá lẹ̀, irin ló wà nínú rẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ère tó ti pẹ́ nínú ilé máa ń dán níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án, bí imú, iwájú orí àti etí, á sì ṣókùnkùn nínú kọ̀rọ̀. Èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé kan náà láti òkè délẹ̀, omi bátìrì ló sábà máa ń ṣe é, tàbí kí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi Brasso nu ère àtijọ́ yín. Ohun tí ogójì ọdún fi sára rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi lọ. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Ti amọ̀, ẹ má fi ọrùn gbé e, ìdí ni kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà mú.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, sílẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí kó máa tà á láìgba àṣẹ, kò sì gba kó kọjá ẹnu ibodè láìní ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tó ti wà ṣáájú 1918 wà lábẹ́ òfin yìí. Àwòṣe àwọn ọdún 1970 kò sí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sókè òkun yóò ṣì lọ gba ìwé lọ́dọ̀ wọn pé àwòṣe ni lóòótọ́. Èèyàn lè rò pé ìyọlẹ́nu ni. Mo gbà pé ó tọ́, nítorí ọ̀nà tí àwọn olè fi ń gbé ojúlówó jáde ni kí wọ́n pè é ní àwòṣe. Ní 1987, wọ́n fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, wọ́n jí orí idẹ Ifẹ̀ kan gbé níbẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, orí yẹn jáde nínú gbàǹjo ní Belgium, wọ́n sì rà á ní owó tí kò tó nǹkan, bí ẹni ra àwòṣe. Àwọn olè fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ilé-Ifẹ̀ pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé orí wá bá yín lóru, tó ní kí ẹ má bi òun léèrè ibi tó ti rí i, ẹ má rà á, bí ó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ti ayàwòrán òde òní ní òfin tirẹ̀. Àṣẹ lórí iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà ọdún 2022. Enwonwu papò dà ní 1994. Ẹni tó bá da Anyanwu tuntun lónìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ajogún rẹ̀, ó ti rú òfin, àti pé títí di ìparí 2064 ni yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe orí Wúnmọníjẹ̀ kò ní irú ààbò yẹn. Nígbà tí Damien Hirst, oníṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé orí wúrà kan hàn ní Venice ní 2017 tó jọ orí Ifẹ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, Victor Ehikhamenor, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣàfihàn nínú àgọ́ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa ní níbi àfihàn Biennale ìlú náà, pariwo síta pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó bá rí i yóò rò pé ti Hirst ni, wọn ò ní mọ Ifẹ̀. Ohun tó sọ yẹn wọ̀ mí lára. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má wo orí Ifẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ohun tó dùn wá ni pé àwòṣe náà kò jẹ́wọ́ baba rẹ̀ ní gbangba.

Àwa náà ńkọ́, tí àwòṣe wà nínú ilé wa tí a ò mọ ẹni tó ṣe é? Bí bàbá tàbí ìyá tó ra ère ilé yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè kó tó pẹ́: níbo ni ẹ ti rà á, lọ́wọ́ ta ni, ọdún wo, èló? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sí bébà, ẹ wọn ère náà, ẹ yà á ní fọ́tò níwájú, lẹ́yìn, àti nínú ọrùn, kí ẹ sì jẹ́ kí bébà náà máa bá ère gbé. Ẹ má ha orúkọ sára idẹ. Mo sì ń bẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwà àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ àtijọ́, pé kí wọ́n ṣí ìwé ńlá kan fún èyí, kí ará ìlú lè máa gbé àwòṣe wọn wá fún ìforúkọsílẹ̀. Kò ní ná wọn ju ìwé, kámẹ́rà àti òṣìṣẹ́ kan lọ, àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè náà sì ń dín kù lọ́dọọdún.